Outrage: Ọ̀rọ̀ Tí Kì Í Ṣe Ọmọ Ìbínú

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ ní Tottenham, ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ìtàn àdúgbò wọn ní ilé-ìwé, bí ó sì ti ń wá ohun tí yóò kọ kiri ni ó ṣalábàápàdé ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí àwọn òpìtàn ń pè ní Tottenham Outrage, èyí tí ó wáyé ní ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1909. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé, “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló bí àwọn ará Tottenham nínú tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé èmi gan-an ti ṣe irú àṣìṣe yẹn rí, nínú iṣẹ́ ìtúmọ̀ tí wọ́n sanwó rẹ̀ fún mi.

Kò sí ohun tí ó bí àwọn ará Tottenham nínú kí ọ̀rọ̀ náà tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì kan tí wọ́n wá láti Latvia, Paul Helfeld àti Jacob Lepidus, ni wọ́n gbé ìbọn, tí wọ́n sì já owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan gbà. Owó náà tó nǹkan bí 80 pọ́n-ùn. Àwọn ọlọ́pàá gbá tọ̀ wọ́n, àwọn ará àdúgbò náà sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn olè náà ń yìnbọn sẹ́yìn bí wọ́n ti ń sá lọ, wọ́n já tíráàmù gbà lójú pópó, wọ́n tún já kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí wọ́n fi ń ta wàrà gbà, eré náà sì lé ní wákàtí méjì lórí ìrìn nǹkan bíi máìlì mẹ́fà. Wọ́n pa ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ William Tyler, wọ́n pa ọmọdékùnrin ẹni ọdún 10 kan, Ralph Joscelyne, ènìyàn tí ó lé ní 20 sì ti fara pa kí eré náà tó dópin. Ohun tí àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà pè ní outrage nìyẹn. Kì í ṣe inú tí ó bí àwọn òǹwòran ni wọ́n ń sọ, bí kò ṣe iṣẹ́ láabi tí àwọn olè náà ṣe.

Ẹni tí ó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì òde òní nìkan kò lè ṣe kí ó má ṣì í gbọ́, nítorí pé lónìí, outrage ni orúkọ ìbínú ńlá tí ń ru sókè nínú ènìyàn tàbí nínú àwùjọ nígbà tí wọ́n bá rí ohun tí ó burú jáì. Ṣùgbọ́n fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ṣáájú èyí, orúkọ ohun tí ó burú jáì náà gan-an ni. Ọ̀rọ̀ náà ti kó kúrò ní ilé ẹni tí ó ṣẹ̀, ó ti lọ ń gbé ní ilé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ìṣípòpadà yìí ni ó fa gbogbo ìdàrúdàpọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀, a ó sì rí i pé kò tíì kó ẹrù rẹ̀ tán kúrò ní ilé àkọ́kọ́.

Ìrísí ọ̀rọ̀ náà ni ó kọ́kọ́ ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ mọ̀ pé out ni òde, pé rage sì ni ìbínú gbígbóná, ó sì wá dà bí ẹni pé ẹnì kan so méjèèjì pọ̀ láti máa fi pe ìbínú tí ó ti inú bọ́ sí òde. Ibi tí a ti gé ọ̀rọ̀ náà ni kò tọ́. Ó dà bí ìgbà tí ọmọdé kan bá rí àṣejù nínú ìwé tí kò ní àmì, tí ó gé e sí àṣẹ àti ijù, tí ó wá ń ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àṣẹ tí wọ́n pa nínú ijù ni. Àlàyé náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí òótọ́ nínú rẹ̀.

Látìn ni ìdí ọ̀rọ̀ náà wà. Ultra ni àwọn ará Róòmù ìgbàanì máa ń sọ tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan wà ní òdìkejì ààlà, tàbí pé ó ti ré kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Nígbà tí Látìn di Faransé, ultra di outre, tí àwọn ará Bénin àti Tógò ṣì ń gbọ́ nínú outre-mer, ìyẹn òkè òkun. Faransé wá fi -age kún un ní ìdí, èyí tí í ṣe ìrù kan náà tí ó wà lára voyage, courage àti village, tí kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ìbínú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ lọ, bí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tiwa ti ń sọ ré kọjá di ìrékọjá. Nítorí náà, ìrékọjá ni outrage láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tí a ní láti fi kún un tàbí tí a ní láti yọ kúrò. Faransé ti ń lò ó láti ọ̀rúndún kọkànlá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní nǹkan bí ọdún 1300, nítorí pé lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní 1066, Faransé di èdè ààfin àti ti kóòtù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ sì gba ibẹ̀ wọ èdè àwọn mẹ̀kúnnù. Rage ní tirẹ̀ wá láti inú rabies, orúkọ tí àwọn oníṣègùn ṣì fi ń pe àrùn dìgbòlugi tí í ṣe ajá. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára tan rárá. Ìrísí ni wọ́n fi jọra, bí ìgbà tí àlejò méjì bá wọ aṣọ kan náà lọ sí òde láìmọra.

Ìlò tí outrage kọ́kọ́ ní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Àṣejù lásán ni: àṣejù oúnjẹ, àṣejù ọtí, àṣejù aṣọ, àṣejù ọ̀rọ̀ ẹnu. Akéwì Geoffrey Chaucer, tí ó kú ní 1400, kọ ewì kan tí a mọ̀ sí The Former Age, nínú èyí tí ó ti ń yin àwọn ènìyàn ayé àtijọ́ tí wọ́n ń jẹ èso tí ilẹ̀ bá mú wá tí ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó sọ nípa wọn pé wọn kò jẹ́ ẹni tí a “forpampred with outrage”. Bí a bá fi ìtumọ̀ òde òní ka gbólóhùn náà, ẹ̀rín ni yóò pa wá, nítorí yóò túmọ̀ sí pé wọn kò fi ìbínú kẹ́ àwọn ènìyàn náà bà jẹ́. Ohun tí Chaucer ń sọ ni pé wọn kò fi wọ̀bìà ba ara wọn jẹ́. Bí ìyá kan bá rí ọmọ rẹ̀ níbi àríyá, tí ó ti bu ìrẹsì lé iyán lórí, tí ó ti gbé mọ́ínmọ́ín méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó sì tún ń na ọwọ́ sí ẹran ẹnìkejì, tí ìyá náà wá fi ojú bá a wí, ohun tí ọmọ náà ń ṣe ni Chaucer ń pè ní outrage.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àṣejù, baba àṣetẹ́. N kò mọ ibòmíràn tí a ti lè rí ìtàn ìgbésí-ayé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ní ìlà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí òwe náà là sílẹ̀ ni outrage tọ̀: ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó pọ̀ jù, ó dé orí ohun tí ń dójú tini.

Àwọn tí ó ń ka Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ ní 1611 lábẹ́ àṣẹ Ọba James yóò ti bá ìlò àtijọ́ yìí pàdé ní Òwe 27:4, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé “wrath is cruel, and anger is outrageous”. Bí outrage bá jẹ́ ìbínú, a jẹ́ pé ẹsẹ náà ń sọ fún wa pé ìbínú ń bínú. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀ ń sọ nípa ìkún-omi, ohun tí àwọn atúmọ̀ náà sì ń sọ ni pé ìbínú máa ń kún bo bèbè rẹ̀ bí odò tí òjò ti rọ̀ sí. Bákan náà ni “outrageous fortune” tí Hamlet ń sunkún rẹ̀ nínú eré Shakespeare: kì í ṣe àyànmọ́ tí inú ń bí, àyànmọ́ tí ìyà rẹ̀ ti kọjá ohun tí ènìyàn lè fara dà ni.

Láti orí àṣejù ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí orí ìwà ipá, bóyá nítorí pé ẹni tí ó bá ti kọjá àyè kì í pẹ́ kí ó tó gbé ọwọ́ lé ẹlòmíràn, àti nítorí pé rage èké tí àwọn ènìyàn rò pé àwọn rí nínú rẹ̀ ń fà á lọ sí ọ̀nà yẹn. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó ti di ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá àti àwọn akọ̀wé ìjọba. Ilẹ̀ Ireland ni a ti rí èyí dáadáa jù lọ. Ní Dublin, ní ilé ìpamọ́ ìwé ìtàn orílẹ̀-èdè náà, àwọn àkójọ ìwé wà láti àwọn ọdún 1830 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850 tí wọ́n ń pè ní Outrage Papers, ìyẹn ìròyìn tí àwọn ọlọ́pàá ń kọ ránṣẹ́ láti ìgbèríko. Lẹ́tà ìhalẹ̀ tí ẹnì kan kàn mọ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀, outrage kan nìyẹn. Koríko ẹran tí wọ́n dáná sun, òmíràn. Màlúù tí wọ́n gé ní iṣan ẹsẹ̀ lóru, òmíràn. Nígbà tí rògbòdìyàn lórí ilẹ̀ gbóná láàárín 1879 sí 1882, iye outrage tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kan di ohun tí wọ́n ń gbé lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí a wo gírámà rẹ̀ díẹ̀, nítorí òun ni ó ń tú àṣírí. Àwọn ọlọ́pàá Ireland lè ka outrage ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, bí ẹni ń ka ẹ̀wù lórí okùn, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni, ó sì ní ọjọ́, ó ní ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ó ní ẹni tí a fura sí. Kò sí ẹni tí í ka ìbínú ní ẹyọ ẹyọ. Nígbàkúùgbà tí a bá rí outrage ní ẹyọ nínú ìwé àtijọ́, tàbí tí a bá rí s ní ìdí rẹ̀, a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò kan ohun tí ó wà nínú ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ó bọ́ lójú wa. Lílé tí àwọn onílẹ̀ ń lé àwọn àgbẹ̀ àti ọmọ wọn síta, tí wọ́n sì ń wó ilé lé wọn lórí, kò sí nínú ìṣirò outrage. Abẹ́ àkọlé mìíràn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, nítorí pé òfin fàyè gbà á. Ẹni tí ó ni kálámù ni ó ń pinnu ibi tí ààlà wà, òun náà ni ó sì ń sọ ẹni tí ó ré e kọjá.

Ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ àti ayùn, wọ́n ní Sheffield Outrages tiwọn. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan máa ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá kọ̀ láti san owó ẹgbẹ́: wọ́n á kọ́kọ́ jí irinṣẹ́ rẹ̀ gbé, bí kò bá gbọ́, ọ̀rọ̀ á di ti ẹ̀tù ìbọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1866, wọ́n fi ẹ̀tù ba ilé ọkùnrin kan tí ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ jẹ́, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún kejì, níwájú èyí tí William Broadhead, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tí ń pọ́n ayùn, ti jẹ́wọ́ pé òun ti sanwó fún irú àwọn ìkọlù bẹ́ẹ̀, títí dé orí èyí tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan náà bọ́ sí ọwọ́ mìíràn. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé wọn parí ní 1865 tí wọ́n sì dá àwọn ẹrú sílẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Freedmen's Bureau ní àwọn ìwé kan tí ó wà fún àkọsílẹ̀ “murders and outrages”. Ìpànìyàn wà ní apá kan, outrage sì ni gbogbo ìyókù: ẹni tí wọ́n nà ní pàṣán nítorí pé ó béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n dáná sun ilé-ìwé tàbí ilé ìjọsìn rẹ̀, ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí irúgbìn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn ìdílé rẹ̀ kiri nínú àwọn ìwé wọ̀nyí lónìí, tí ó sì rò pé ìbínú ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, yóò ka ìyà àwọn baba ńlá rẹ̀ bí ẹni pé ìhónú àwọn tí ó fi jẹ wọ́n ni.

Ìlò kan tún wà tí ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra kà. Nínú ìwé ìròyìn ayé Ọbabìnrin Victoria, bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọkùnrin kan “outraged” obìnrin kan, ìfipábánilòpọ̀ ni wọ́n ń sọ, tí ojú ń tì wọ́n láti dárúkọ. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Íńdíà ní 1860 gbé irú rẹ̀ wọlé ní ìpín 354, níbi tí wọ́n ti ń sọ nípa ẹni tí ó bá fọwọ́ kan obìnrin ní ọ̀nà tí yóò “outrage her modesty”. Singapore jogún gbólóhùn náà, ìwé ìròyìn ibẹ̀ sì ṣì ń lò ó títí di òní.

Ní ẹ̀gbẹ́ ti Faransé, ìwọ̀sí ni ọ̀rọ̀ náà dì mú ṣinṣin. Ní 1857, wọ́n gbé Gustave Flaubert lọ sí kóòtù ní Paris nítorí ìtàn àròsọ rẹ̀, Madame Bovary, ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi kàn án ni outrage sí ìwà ọmọlúàbí àwùjọ àti sí ẹ̀sìn. Kóòtù dá a sílẹ̀. Ní ọdún kan náà, wọ́n fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan akéwì Charles Baudelaire, òun ni kò rí àánú gbà: wọ́n bu owó ìtanràn lé e, wọ́n sì ní kí ó yọ ewì mẹ́fà kúrò nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí Charles de Gaulle sì dúró ní gbọ̀ngàn ìlú Paris ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1944, lẹ́yìn tí wọ́n gba ìlú náà lọ́wọ́ àwọn Jámánì, tí ó ké pé “Paris outragé”, kò sọ pé inú ń bí Paris. Ó sọ pé wọ́n ti fi ìwọ̀sí lọ Paris.

Òfin Faransé kò tíì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ. Ẹni tí ó bá bú ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè fojú ba kóòtù fún outrage, àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin wọn ti ara Faransé jáde sì jogún rẹ̀, Bénin àti Tógò wà lára wọn. Nítorí náà, bí ọlọ́pàá kan ní Àjàṣẹ́ bá sọ fún ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan níbẹ̀, pé ó ti ṣe outrage, kò sọ pé inú ń bí ọlọ́kadà náà, bí inú tilẹ̀ ń bí i dáadáa. Ó ń sọ pé ó rí òun fín. Yorùbá méjì, ọ̀kan láti Kétu tí ó gbọ́ Faransé, èkejì láti Ìbàdàn tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lè jókòó ti ìwé ìròyìn méjì kí wọ́n máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì sì jàre. Pọtogí àti Sípáníìṣì ní ultraje, ìwọ̀sí náà ni. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ Brazil ti ọdún 1940, orí kan wà tí ó dá lórí ultraje ní gbangba sí ìtìjú ọmọlúàbí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, níbi tí òfin wọn bá ti dàgbà tó, kò fi ìtumọ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní outraging public decency, tí àwọn amòfin ń tọ ipa rẹ̀ padà sí ọdún 1663, nígbà tí Sir Charles Sedley mutí yó, tí ó bọ́ra sí ìhòòhò lórí òkè ilé ọtí kan ní Bow Street ní Lọ́ńdọ̀nù, lójú èrò tí ó pé jọ sí ìsàlẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí nínú òfin yìí ni pé àwọn adájọ́ ti sọ ọ́ pé kò pọn dandan kí olùpẹ̀jọ́ fi ẹ̀rí hàn pé ohun náà rí ẹnikẹ́ni tí ó wà níbẹ̀ lára. Ìwà náà ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í wọn inú òǹwòran. Bí gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ bá tilẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ìfun fi ń dùn wọ́n, outrage ti wáyé.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe tèmi nìyí. Àwọn Àdéhùn Geneva ti ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1949, tí ó ń ṣàkóso ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe lójú ogun, ní ìpín kẹta kan tí àdéhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ní, nínú èyí tí wọ́n ti ka “outrages upon personal dignity” léèwọ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé pẹlẹbẹ kan láti túmọ̀, mo sì kọ ọ́ láìronú pé “ìbínú sí iyì ènìyàn”. Bàbá tí ó ń yẹ iṣẹ́ wa wò, olùkọ́ Yorùbá tí ó ti fẹ̀yìn tì, fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: “Ta ni inú ń bí níhìn-ín?” Mo wo ojú ìwé náà títí. Kò sí ẹni tí inú ń bí. Ẹlẹ́wọ̀n ogun kan wà tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ tí wọ́n sì ń fà káàkiri láàárín ọjà, outrage sì ni ohun tí wọ́n ń ṣe fún un. Mo pa á rẹ́, mo kọ “ìfìwọ̀sílọni tí ń ba iyì ènìyàn jẹ́”.

Ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ wa ju bí ó ti dà létí lọ. Nígbà tí kóòtù àkànṣe fún Sierra Leone dá Charles Taylor, ààrẹ Liberia tẹ́lẹ̀ rí tí ó ti sá wá gbé ní Calabar, lẹ́bi ní oṣù kẹrin ọdún 2012 lórí ẹ̀sùn 11, ẹ̀sùn kẹfà ni outrages upon personal dignity. Oníròyìn tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ìbínú ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ ogun di ìwà ẹni tí ara rẹ̀ tètè ń gbóná.

Báwo ni ọ̀rọ̀ tí ó ti jẹ́ ìwà fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ìbínú? A lè rí i bí ó ti ń yí padà nínú eré kan ṣoṣo. Nínú Romeo and Juliet, nígbà tí Tybalt àti Mercutio yọ idà sí ara wọn lójú pópó, Romeo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n “forbear this outrage”, ìjà ìgboro náà ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ní òpin eré náà, nígbà tí àwọn òbí dúró lórí òkú àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ń ké, ọmọ-ọba tí ó ń ṣàkóso ìlú ní kí wọ́n “seal up the mouth of outrage for a while”, igbe ọ̀fọ̀ tí ó kọjá ààlà ni ó sì ń sọ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe nǹkan, ó ti wọ ilé ẹni tí nǹkan ṣe. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n ti ń sọ pé ìwà kan jẹ́ outrage sí ìmọ̀lára ènìyàn tàbí sí ohun tí ó gbàgbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń sọ pé ènìyàn ní ìmọ̀lára outrage. Nígbà tí ó yá, wọ́n ju ìmọ̀lára nù, outrage nìkan sì tó. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nítorí pé a ní irú rẹ̀. Ìyà ni ohun tí ọ̀gá burúkú fi ń jẹ ọmọ iṣẹ́, ìyà náà sì ni ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń jẹ. Ọ̀rọ̀ kan ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń nà àti lára ẹni tí wọ́n ń nà.

Outrageous, àbúrò rẹ̀, tilẹ̀ ti rin ìrìn kan tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ti di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi yin aṣọ tàbí orin tí ó bá wù wọ́n. Àwọn tí yóò sọ pé èdè ti bàjẹ́ kò gbọ́ ohun tí àwa náà ń sọ nígbà tí a bá tọ́ ọbẹ̀ wò tí a ní ó dùn burúkú. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ń sọ nípa ìkọjá ààlà, kò sí ẹni tí ó lè sọ apá ibi tí yóò sọ̀ sí.

Nínú Yorùbá, nígbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a lè fi dí ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò rò pé ó yẹ kí a wá ọ̀kan. Ìbéèrè pupa bàbá yẹn ni mo ń lò láti ìgbà náà: ta ni inú ń bí? Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tí inú ń bí, tí ìwé ìròyìn sì sọ pé outrage gba ìlú kan nítorí owó epo, a lè sọ pé àwọn ará ìlú fapá jánú, tàbí pé wọ́n fárígá, ó sì parí. Bí kò bá sí, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Bí oúnjẹ tàbí aṣọ bá pọ̀ jù nínú ewì àtijọ́, àṣejù ni. Bí ó bá jẹ́ ilé tí wọ́n sun tàbí ènìyàn tí wọ́n pa, iṣẹ́ láabi ni, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníròyìn orí rédíò wa ń lò lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ó bá outrage àwọn ọlọ́pàá Ireland dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n rẹ ènìyàn sílẹ̀, ìwọ̀sí ni, bí ẹni tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ bá sì jẹ́ aláṣẹ, àrífín.

Mo ṣàlàyé díẹ̀ nínú èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fi ọdún 2011 kún un, èyí tí àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ dáadáa, nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa Mark Duggan ní Tottenham tí àwọn ará àdúgbò jáde láti béèrè ìdí, tí rògbòdìyàn sì ti ibẹ̀ tàn ká ìlú. Mo ní bí ó bá kọ pé outrage wà ní Tottenham lọ́dún náà, ìbínú ni ẹni tí ó bá kà á lónìí yóò gbọ́, yóò sì gbọ́ ọ dáadáa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ti mọ ohun tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ìlà kìn-ín-ní àròkọ rẹ̀ tí ó kà fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà sọ pé ní 1909, outrage jẹ́ ohun tí ọkùnrin méjì ṣe ní wákàtí méjì, kí ó tó di ohun tí ó ń dun ẹnikẹ́ni.